Ọmọ tí ò lè rìn ló sọ bàbá ẹ̀ di sárésáré

* Àpò sìmẹ́ǹtì ni Dick Hoyt ń tì kiri ojú títì
* Ó ti lé lógójì ọdún kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́
* 'Bí kì í bá ṣe eré tó ń sá ni, ì bá ti kú tipẹ́'

Ká ní ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1977, tẹ́ ẹ sì rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀ lójú títì, tó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ níwájú bó ṣe ń sáré, tẹ́ ẹ wá yọjú wo inú kẹ̀kẹ́ náà, tó jẹ́ pé ẹ ò rí arọ kankan níbẹ̀, àpò sìmẹ́ǹtì kan lẹ rí tó jókòó gbagidi, kí lẹ máa rò? Ẹ ò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ máa fi sọ pé orí ẹni yẹn ti yí. Ṣùgbọ́n orí ọkùnrin ọ̀hún pé dáadáa. Ọmọ ló ń dà á láàmú.

Dick Hoyt lorúkọ ẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà ni nínú ẹ̀ka ológun òfurufú tí wọ́n ń pè ní Air National Guard. Ó níyàwó, ó sì ní ọmọkùnrin mẹ́ta. Kì í ṣe eléré ìje rárá. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un pé kó máa sáré, àkókò tí iṣẹ́ ìjọba bá ṣẹ́kù fún un ló fi ń ṣe é. Ẹni tó yẹ kó wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn ni àkọ́bí ẹ̀ tó ń jẹ́ Rick. Ṣùgbọ́n Rick wà nílé ìwé, ìwé ló ń kà, kò ráyè bàbá ẹ̀. Bàbá náà mọ̀ pé bóun bá ń sáré lọ́wọ́ òfìfo, ara òun ò ní í mọ bí ẹrù ṣe máa ń wúwo tó lọ́jọ́ ìje. Ló bá gbé sìmẹ́ǹtì sínú kẹ̀kẹ́. Sìmẹ́ǹtì ló ń dúró fún Rick títí tí Rick fi máa ráyè.

Báyìí ni ọ̀kan lára ìtàn tó yani lẹ́nu jù lọ nídìí eré ìje ṣe bẹ̀rẹ̀. Kó tó parí, bàbá àtọmọ yìí ti jọ sá eré tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n ti jọ la odò, wọ́n ti jọ gun òkè, wọ́n sì ti jọ gba Amẹ́ríkà kọjá láti etí òkun kan dé èkejì. Ọmọ ò sì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀.

ÒJÓ TÍ WỌ́N BÍ SÍ AMẸ́RÍKÀ

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kìíní, ọdún 1962, ni Judy, ìyàwó Dick, bí Rick. Ìwọ́ ló lọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn nínú ìyá ẹ̀. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí ni, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ fún un, Òjó ni ì bá máa jẹ́, wọn ì bá sì ti máa kì í. Ṣùgbọ́n ìwọ́ tó lọ́ mọ́ Òjó tiwọn yìí lọ́rùn kò ṣe é jẹ́jẹ́. Kò jẹ́ kí atẹ́gùn dé ọpọlọ ẹ̀ bó ṣe yẹ, ibẹ̀ ló sì ti kó àìsàn táwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy. Ẹni tó bá ní i, ọpọlọ ẹ̀ ò ní í lè pàṣẹ fún iṣan ara ẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ Rick ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ẹnu ẹ̀ náà ò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn dókítà pe tọkọtìyàwó náà jókòó. Wọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú lórí ọmọ yìí, pé bí ewébẹ̀ lásán ni yóò ṣe máa wà títí ayé ẹ̀, pé kí wọ́n lọ fi í sílé ìtọ́jú tí wọ́n máa ń kó irú wọn sí, kí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì sunkún. Nígbà tí wọ́n sunkún tán, wọ́n gbé ọmọ wọn, ó di ilé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

Nígbà tí wọ́n délé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí nǹkan kan. Bí bàbá bá kọjá, ojú Rick á tẹ̀ lé e. Bí ìyá bá wọlé, ojú Rick á bá a wọlé. Wọ́n sọ fún ara wọn pé ọmọ yìí ń gbọ́, ọmọ yìí ń rí, ara ló há a mọ́nú. Judy bá kó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́rùn ara ẹ̀. Ó fi sáńpépà, ìyẹn pépà táwọn káfíńtà fi ń dán igi, gé lẹ́tà A, B, D, ó sì ń fọwọ́ ọmọ náà kàn án kó lè mọ bó ṣe rí. Gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé ló lẹ orúkọ mọ́. Ilé ìwé ìjọba ní àwọn ò lè gba Rick, wọ́n ní ọmọ tí ò lè sọ̀rọ̀ ò lè mọ̀wé. Judy ò gbà. Ó wà lára àwọn òbí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí tí ìpínlẹ̀ Massachusetts fi ṣòfin lọ́dún 1972, èyí tí wọ́n ń pè ní Chapter 766, pé ọmọ aláàbọ̀ ara náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ìwé.

Ọdún 1972 yẹn náà ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà fún Rick. Dick àti Judy ti lọ bá àwọn ẹnjiníà ní Yunifásítì Tufts kí wọ́n bá wọn wá ẹ̀rọ tí ọmọ àwọn lè fi sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn ní kò lè ṣeé ṣe, pé kò sí nǹkan kan nínú ọpọlọ ọmọ náà. Dick ní kí wọ́n pa àwàdà kan fún un. Wọ́n pa á. Ni Rick bá búgbà ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Owó tó tó dọ́là 5,000 làwọn ẹbí náà ṣa jọ, àwọn ẹnjiníà sì ṣe kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà máa ń tàn lójú ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà tí Rick ń fẹ́ bá ti tàn, á fi orí kan bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀. Lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíì, ọ̀rọ̀ á di odindi.

Gbogbo ilé wá ń dúró de ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bàbá ń retí kó kí òun, ìyá náà ń retí kó kí òun. Kí ni Rick kọ? 'Go Bruins'. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orí yìnyín nílùú Boston ló ń jẹ́ Bruins, wọ́n sì wà nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ní ewébẹ̀ ni, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ló ti ń tẹ̀ lé látọjọ́ yìí, tẹ́nì kan ò sì mọ̀! Nígbà tó di ọdún 1975, tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ilé ìwé ìjọba gbà á wọlé.

MÁÌLÌ MÁRÙN-ÚN TÓ YÍ GBOGBO NǸKAN PADÀ

Ọdún 1977 ni Rick mú ọ̀rọ̀ wálé. Ọ̀dọ́kùnrin eléré ìdárayá kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Westfield ní jàǹbá, ara ẹ̀ sì rọ. Wọ́n fẹ́ sá eré máìlì márùn-ún láti fi kówó jọ fún un. Rick sọ fún bàbá ẹ̀ pé òun fẹ́ kópa níbẹ̀, òun fẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin yẹn mọ̀ pé téèyàn bá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ayé ò tíì tán.

Ẹ wo Dick náà. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún. Kì í sáré kọjá máìlì kan, ìyẹn náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní nílé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ eré, ti kéèyàn jókòó sí ni. Ta ló fẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sáré máìlì márùn-ún? Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló fi ń tọrọ nǹkan, bàbá wo ló máa sọ pé rárá? Dick ní ó dáa, àwọn ń lọ.

Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé tí wọ́n bá dé kọ́nà àkọ́kọ́, wọ́n á yà padà. Wọn ò yà. Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ, kẹ̀kẹ́ ń yà síbí, ó ń yà sọ́hùn-ún, títí wọ́n fi sá a dópin. Àwọn ló ṣìkejì láti ẹ̀yìn, wọn ò sì ṣe ìkẹ́yìn. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo ara fi ń dun Dick. Ó sọ lẹ́yìn náà pé lásìkò yẹn, òun gan-an ni aláàbọ̀ ara inú ilé.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Rick sún mọ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí kan bọ́tìnnì. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ohun tó sọ fún bàbá ẹ̀ ni pé nígbà táwọn ń sáré, ṣe ló dà bíi pé òun kì í ṣe aláàbọ̀ ara mọ́.

Ó tán. Bàbá tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, kò lè sùn mọ́. Wákàtí díẹ̀ ni ọmọ yìí fi bọ́ nínú ẹ̀wọ̀n tó ti wà látìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ ló sì fi bọ́. Bí Dick ṣe ra sìmẹ́ǹtì nìyẹn.

'NǸKAN TI TIRẸ̀ LÓ Ń WÁ'

Ẹ má rò pé wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn o. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ibi eré, ọ̀pọ̀ sárésáré ló ń yẹra fún wọn, àwọn tó ṣètò ìje náà ò fẹ́ rí wọn. Èyí tó tiẹ̀ dun Dick jù ni pé àwọn ẹbí tó ní ọmọ aláàbọ̀ ara bíi tiẹ̀ náà bínú. Wọ́n ń bi í pé kí ló dé tó ń wọ́ ọmọ tí ò lè dá nǹkan kan ṣe kiri, pé ṣebí òkìkí ara ẹ̀ ló ń wá. Èsì tí Dick máa ń fún wọn ni pé wọn ò mọ̀ pé òun kọ́ lòun ń wọ́ Rick, Rick ló ń wọ́ òun. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n ní kí Dick máa dá sáré, kí wọ́n wo bó ṣe máa yá tó tí kò bá ti nǹkan kan. Kò gbà. Ó ní òun ò nídìí kankan láti sáré bí Rick ò bá sí níbẹ̀.

Eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin tí wọ́n ń sá ní Boston, ìyẹn màrátọ́ọ̀nù tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 1897, ni wọ́n wá fojú sí. Máìlì 26 àti díẹ̀ ni, ìyẹn kìlómítà 42 lé díẹ̀, bí ẹni gbéra n'Ìbàdàn tó fẹsẹ̀ sáré forí lé Ìwó. Wọn kì í dédé gba èèyàn síbẹ̀. O gbọ́dọ̀ ti sá irú eré bẹ́ẹ̀ níbòmíì, kó o sì parí ẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n dá fún ọjọ́ orí ẹ. Wọ́n ní àwọn ò rí irú tiwọn rí, wọn ò gbà wọ́n. Lọ́dún 1981, bàbá àtọmọ bá dúró sẹ́yìn gbogbo èèyàn, wọ́n sá a láìgba nọ́ńbà.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ó dáa, kí wọ́n wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Rick làwọn máa lò, kì í ṣe ti bàbá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Rick ò tíì ju ẹni ogún ọdún lé díẹ̀ lọ, àkókò tí wọ́n sì dá fáwọn ọ̀dọ́ ọlọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀ ò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 50 lọ. Bàbá tó ti lé lógójì ọdún, tó tún ń ti èèyàn níwájú, ni wọ́n ní kó sáré bí ọmọ ogún ọdún. Dick ò janpata. Ó wọ ìje Marine Corps tí wọ́n ń sá ní Washington lọ́dún 1983, ó sì fi nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45 parí ẹ̀. Kò sóhun tí Boston tún lè wí mọ́. Lọ́dún 1984, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà.

Ìwọ̀n Rick ò jìnnà sí ti àpò sìmẹ́ǹtì kan nílùú tiwa, nǹkan bíi kìlógíráàmù 50. Ẹni tó bá ti ru sìmẹ́ǹtì láti ibi mọ́tò dé ẹ̀yìnkùlé mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, lọ́dún 1992, wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 40 àti sẹ́kọ́ńdù 47 ni wọ́n fi sá màrátọ́ọ̀nù tí wọ́n fi yára jù láyé wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ti nǹkan kan, tí bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ tiẹ̀ tún jẹ́ olówó iyebíye, kò lè sá a bẹ́ẹ̀.

BÀBÁ TÓ RÌ SÓMI BÍ ÒKÚTA

Bí wọ́n ṣe ń bá màrátọ́ọ̀nù lọ ni ẹnì kan tó máa ń ṣètò ìje, Dave McGillivray, sọ fún Dick pé kó gbìyànjú triathlon wò. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ìyẹn: èèyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, á bọ́ sórí básíkùlù, á wá fi eré ẹsẹ̀ parí ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sinmi láàárín. Dick ní kò burú, bóun bá ti lè ṣe é pẹ̀lú Rick.

Nǹkan méjì ló wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́, Dick ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ìkejì, láti kékeré ló ti gun básíkùlù kẹ́yìn. Ọkùnrin náà bá kó lọ sílé tó wà létí adágún omi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bẹ́ sínú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sọ pé bí òkúta lòun ṣe rì. Ṣùgbọ́n ó jáde, ó tún bẹ́ padà. Bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé ló ń wọ omi, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi lè wẹ máìlì kan.

Báwo wá ni arọ ṣe ń bá èèyàn lúwẹ̀ẹ́? Wọ́n ra ọkọ̀ onírọ́bà tí wọ́n máa ń fi afẹ́fẹ́ kún, wọ́n tẹ́ Rick sínú ẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀, wọ́n wá so okùn náà mọ́ ẹ̀wù tí Dick wọ̀. Bàbá á máa wẹ níwájú, ọkọ̀ á máa tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, bàbá á gbé ọmọ sọ́rùn, á sáré lọ síbi básíkùlù. Wọ́n ṣe àga kan mọ́ iwájú básíkùlù yẹn, Rick á jókòó síbẹ̀, á máa kọjú sí títì. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ó di inú kẹ̀kẹ́ eré. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn bàbá sí l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, nílùú Medford. Wọ́n parí ẹ̀.

Èèyàn ìbá rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í tó bẹ́ẹ̀. Bàbá àtọmọ forí lé Hawaii níbi tí wọ́n ti ń ṣe Ironman, ìyẹn baba gbogbo triathlon. Ọdún 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní erékùṣù náà, èèyàn 15 péré ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn 12 ló sì parí ẹ̀. Èèyàn á lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8 nínú òkun, ìyẹn bíi ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn bíríìjì Third Mainland l'Ékòó. Á jáde, á gun básíkùlù kìlómítà 180, bí ẹni gbéra l'Ékòó, tó la Ìbàdàn kọjá, tó ń wọ Ọ̀yọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá ṣẹ̀ṣẹ̀ sá odindi màrátọ́ọ̀nù. Wákàtí 17 ni wọ́n dá fún gbogbo ẹ̀, oòrùn ibẹ̀ ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1988 tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, omi lé wọn. Àkókò tí wọ́n dá fún ìlúwẹ̀ẹ́ ti kọjá kí Dick tó fa ọkọ̀ dé èbúté, wọ́n ní kí wọ́n dúró níbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, òfo ni wọ́n bá bọ̀. Wọ́n padà sílé, Dick tún padà sínú omi. Lọ́dún 1989, wọ́n tún dé Hawaii. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jáde nínú òkun, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí básíkùlù, ilẹ̀ sì ti ṣú kí bàbá tó ti ọmọ ẹ̀ dé ìlà ìparí. Ó lé ní wákàtí 14 tí wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 1992, wọ́n tún gbéra ní California, wọ́n fi ẹsẹ̀ àti básíkùlù rin máìlì 3,735 dé Boston. Ọjọ́ 45 ló gbà wọ́n.

TA LÓ GBA TA LÀ?

Gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe yìí, ayé ń lọ. Ìgbéyàwó Dick àti Judy tú ká nígbà tó yá. Judy tó fi sáńpépà kọ́ Rick ní ABD kú lọ́dún 2010, ẹni tó bá sì ń sọ ìtàn yìí tí ò dárúkọ obìnrin yẹn, ìdajì ló sọ. Rick fúnra ẹ̀ wọ Yunifásítì Boston, ó sì gboyè jáde lọ́dún 1993. Ẹ rántí pé lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíì ló fi kọ gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Ó gba ilé tara ẹ̀, àwọn olùtọ́jú sì ń wá tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n lọ gbàgbé ẹ̀ síbì kan nìyẹn o.

Ọdún 2003 ni ọ̀rọ̀ wá bẹ̀yìn yọ. Àrùn ọkàn kọlu Dick, èyí tí ò le púpọ̀. Nígbà táwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọ̀kan lára òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi ọkàn ẹ̀ ti dí dé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà sọ fún un pé bí kì í bá ṣe ti ara tó ti fi eré kọ́ ni, ó ṣeé ṣe kó ti kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn.

Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń gbára dì fún Hawaii. Ta ló ní kí Dick máa sáré? Rick ni. Ta ló mú un wọ omi? Rick ni. Ọdún 1977 ni ọmọ tí ò lè gbé ọwọ́ ara ẹ̀ sókè ti na ọwọ́ yọ bàbá ẹ̀ nínú ikú, tẹ́nikẹ́ni nínú wọn ò sì mọ̀. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Dick àti Rick fún ra wọn ní ẹ̀mí ni. Ọmọ yá ẹsẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, bàbá sì jèrè ọkàn lára ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti òwúrọ̀ jókòó sí ọ́fíìsì, tẹ́ ẹ tún ń ti ìrọ̀lẹ́ jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí ikùn ti ń ṣíwájú yín wọ ilé. Àwọn ìpalẹ̀mọ́ ikú Dick ti wà nínú ẹ̀ nígbà tó ṣì rò pé ara òun le. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn bọ́ síta lọ́la kẹ́ ẹ lọ sá máìlì márùn-ún o, ẹ ti rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì ni tiẹ̀ fi dùn ún. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò yín, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn. Èyí tó bá kéré náà ń ṣiṣẹ́.

ÌGBÀ TÍ BỌ́ǸBÙ DÚN

Lóṣù kẹrin, ọdún 2013, wọ́n ṣí ère idẹ bàbá àtọmọ yìí nílùú Hopkinton, nítòsí ibi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ eré Boston. Dick ti pé ẹni ọdún 72, ó sì ti sọ pé ti ọdún yẹn ló máa kẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, wọ́n gbéra. Ó ku nǹkan bíi máìlì kan kí wọ́n dé òpin ni wọ́n dá wọn dúró. Bọ́ǹbù méjì ti dún níbi ìlà ìparí, ó pa èèyàn mẹ́ta, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe, àwọn mìíràn nínú wọn pàdánù ẹsẹ̀.

Dick ní kò lè parí báyẹn. Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ padà wá nítorí àwọn tó fara gbá a. Lọ́dún 2014, baba arúgbó tó ń súnmọ́ ẹni ọdún 74, tí ẹ̀yìn ń dùn, tún di kẹ̀kẹ́ mú. Kò lè sáré bí ti àtijọ́ mọ́, ìrìn ló ń rìn jù. Ó lé ní wákàtí méje tí wọ́n fi wà lójú títì, àwọn èrò sì ń pariwo orúkọ wọn títí wọ́n fi kọjá ìlà. Ìgbà kejìlélọ́gbọ̀n nìyẹn tí wọ́n jọ sá eré Boston, òun ló sì kẹ́yìn. Dókítà eyín kan, Bryan Lyons, ló gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 2015, kí Rick má bàa jókòó sílé.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2021, ni Dick Hoyt sùn tí kò jí mọ́. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ní ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Rick náà tẹ̀ lé e. Ẹni ọdún 61 ni ọmọ tí wọ́n ní kò ní í wúlò.

Nígbà ayé wọn, wọ́n bi Rick pé kí ló wù ú jù láti fún bàbá ẹ̀. Kò dárúkọ ilé, kò dárúkọ mọ́tò. Ó fi orí ẹ̀ kan bọ́tìnnì, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíì. Ó ní ohun tó wu òun jù ni kí bàbá òun jókòó sínú kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí òun náà tì í.